Oògùn màmá láti ọ̀nà jíjìn: ká gbà, àbí ká kọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ti pé ẹni ọdún 71. Wọ́n ń lo amlodipine àti lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń gún insulin lálaalẹ́ fún àtọ̀gbẹ, yúníìtì 20. Fámásì tí a ti ń gba oògùn jìnnà, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn ò lè máa lọ síbẹ̀ lóṣooṣù mọ́. Dókítà wọn ní fámásì kan wà tó lè máa fi oògùn oṣù mẹ́ta ránṣẹ́ sílé lẹ́ẹ̀kan náà. Aládùúgbò wa ní ká má dán an wò, pé oògùn tó bá ti rìn lójú títì ti bà jẹ́ kó tó délé. Èmi ni mò ń bójú tó oògùn wọn. Ṣé kí n gbà, àbí kí n kọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ gbà. Amlodipine àti lisinopril jẹ́ irú oògùn tó yẹ kó máa wá nínú páálí. Hóró gbígbẹ ni wọ́n, ojoojúmọ́ ni màmá ń lò wọ́n, iye tí wọ́n ń lò lónìí náà ni wọ́n máa lò lọ́la, ẹ sì lè kà wọ́n sórí tábìlì kí ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n máa tán. Insulin náà lè wá, àmọ́ ó ní ìbéèrè tirẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ bi fámásì kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. A máa dé ibẹ̀. Aládùúgbò yín kò jìnnà sí òótọ́, ó kàn da gbogbo oògùn pọ̀ sínú agbọ̀n kan ni. Látìgbà tí mo ti ń dúró nídìí tábìlì tí a ti ń di oògùn tí à ń fi ránṣẹ́, èyí tí oòrùn bà jẹ́ lójú ọ̀nà kéré gan-an sí èyí tó dé lẹ́yìn tí ti inú ilé ti tán. Ọjọ́ kíkà ni mo fẹ́ kí ẹ mójú tó jù, torí òun ni kò sẹ́ni tó máa bá yín ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí páálí tó gbéra, torí inú ibẹ̀ ni ọjọ́ ń lọ sí. Dókítà á fi ìwé oògùn ránṣẹ́, bóyá lórí kọ̀ǹpútà, bóyá lórí bébà. Ẹnì kan á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé màmá. Apòògùn á wá yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé iye yìí bá ọjọ́ orí wọn mu, ṣé kò ní bá oògùn míì jà, ṣé oògùn kan wà tó máa ń mú ara wọn yún tàbí tó máa ń wú wọn lójú? Bí gbogbo rẹ̀ bá dán mọ́rán, ẹ̀rọ á ka hóró sínú ìgò, àwòrán ohun tó yẹ kó wà nínú ìgò á jáde lójú kọ̀ǹpútà, apòògùn á sì fi ojú ara rẹ̀ wò ó bóyá wọ́n jọra kí wọ́n tó lẹ ìgò pa. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé rárá. Ní Amẹ́ríkà, ètò ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ń fi nǹkan bí 8 nínú 10 oògùn àwọn aláìsàn tí kò sùn sílé ìwòsàn ránṣẹ́ sí wọn nílé lọ́nà yìí.

Ibi tí ó ti máa ń há ni kí nǹkan kan má yé apòògùn. Ká ní dókítà kọ iye tí kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu, apòògùn á pè é. Dókítà wà lẹ́nu iṣẹ́ abẹ, kò gbé fóònù. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ kejì ni òpin ọ̀sẹ̀. Nígbà míì, ilé iṣẹ́ adójútòfò ló máa ní òun fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi kọ oògùn yẹn dípò òmíràn. Ní gbogbo àkókò yìí, ìwé oògùn màmá wà nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àmì pupa lára, ẹ̀yin sì jókòó sílé, ẹ rò pé ó ti wà lọ́nà. Ẹni tó bá wá sí fámásì fúnra rẹ̀ á rí ojú wa, á mọ̀ pé nǹkan ń ṣe. Ẹni tó ń retí páálí kò rí ojú ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kínní ló máa ń pẹ́ jù. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n ní kí dókítà kọ ìwé méjì. Ọ̀kan fún oògùn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí oṣù kan, tí ẹ máa gbà ní fámásì tí ẹ ń lò báyìí. Èkejì fún ọjọ́ 90, pẹ̀lú àṣẹ pé wọ́n lè tún un fi ránṣẹ́ láìsí pé ẹ padà lọ bá dókítà, ìyẹn ni kí ó lọ sí fámásì tó ń fi oògùn ránṣẹ́. Bí ti èkejì bá há sọ́nà, ti àkọ́kọ́ á gbé yín dúró.

Ó yá, ẹ gbé bírò. Ká ní ìgò amlodipine dé pẹ̀lú hóró 90. Nígbà tí hóró bá ku 15, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ béèrè òmíràn, kì í ṣe ìgbà tó bá ku 5. Ẹ wo bí ọjọ́ 15 ṣe máa ń lọ: ọjọ́ 2 tàbí 3 kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì dì í, ọjọ́ 3 sí i bí wọ́n bá ní láti pe dókítà, ọjọ́ 5 lójú ọ̀nà. Ó ti di 11 yẹn. Ẹ fi ọjọ́ ìsinmi kan sí i, ó ku hóró 3. Ẹni tó dúró títí ó fi ku 7 ti jẹ gbèsè ṣáájú kó tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìgò bá dé, ẹ ka ọjọ́ 75 síwájú lórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìgò fúnra rẹ̀: "Béèrè òmíràn lọ́jọ́ báyìí." Sórí ìgò o, nítorí fóònù lè bọ́ sómi, àmọ́ ojoojúmọ́ ni ẹ máa gbé ìgò.

Insulin ni ìṣirò rẹ̀ ti máa ń tan àwọn èèyàn jẹ. Pẹ́ẹ̀nì tí a fi ń gún insulin, èyí tó gba mìlílítà 3, irú èyí tó wọ́pọ̀ jù, ní yúníìtì 300 nínú. Màmá ń gún 20. Ẹni tó bá pín 300 sí 20 á ní ó máa tó ọjọ́ 15. Kò tó o. Ṣáájú gbogbo abẹ́rẹ́, a máa ń tú yúníìtì 2 dànù sí afẹ́fẹ́ láti mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kò dí àti pé afẹ́fẹ́ kò sí nínú pẹ́ẹ̀nì. 22 ló ń lọ lálẹ́ kan. Pẹ́ẹ̀nì kan á gún ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá, ìyókù rẹ̀ kò tó ti alẹ́ kan mọ́. Páálí pẹ́ẹ̀nì 5 á jẹ́ ọjọ́ 65. Bí fámásì bá fi páálí kan ránṣẹ́ pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọjọ́ 90, insulin máa tán ní ọjọ́ 25 ṣáájú ìyókù, ẹ̀yin á sì máa ronú pé oṣù mẹ́ta kò tíì pé. Pẹ́ẹ̀nì 7 ló tó. Ẹ sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ìṣirò yìí, kí dókítà sì fi yúníìtì 2 tí ẹ ń tú dànù kún ohun tó kọ. Ẹ tún béèrè orí abẹ́rẹ́ tí ẹ ń dé sí pẹ́ẹ̀nì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni insulin máa ń dé tí orí abẹ́rẹ́ kò bá a wá, torí ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n nílò fún un, kò sì sẹ́ni tó rántí kọ ọ́.

Fámásì máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi oògùn ránṣẹ́ fúnra wọn láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Ó wù mí fún èèyàn tí oògùn rẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá kan tí mo tọ́jú. Dókítà gbé amlodipine rẹ̀ kúrò ní mílígíráàmù 5 sí 10. Ìgò tuntun dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ìgò 5 náà dé, nítorí kò sẹ́ni tó dá ètò àtijọ́ dúró. Bàbá wo ìgò méjì, ó ní dókítà mọ ohun tó ń ṣe, ó sì ń lo méjèèjì. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tí òòyì sì ń kọ́ ọ ni ọmọ rẹ̀ kó gbogbo ìgò wá bá mi nínú àpò. Látìgbà yẹn, bí dókítà bá ti yí nǹkan kan padà, mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n pe fámásì lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n sọ pé "ẹ dá ti àtijọ́ dúró," kí wọ́n sì dúró lórí fóònù títí ẹni tó wà lódìkejì á fi sọ pé òun ti dá a dúró.

Bí páálí bá pẹ́ láìka gbogbo ètò yìí sí, ẹ má ṣe jẹ́ kí màmá máa dá hóró sí méjì kó lè pẹ́. Ẹ pe fámásì náà. Ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé oògùn lọ sí fámásì tó sún mọ́ yín, tàbí kí ẹ pe dókítà kó kọ ti ọjọ́ díẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjèèjì tí màmá ń lò kì í ṣe irú èyí tí ọjọ́ kan tó fo máa gbé wọn ṣubú, àmọ́ ẹ má fi ìyẹn ṣe àṣà. Insulin ni kò gbọ́dọ̀ fo. Fún àwọn míì tó ń ka ìdáhùn yìí: clonidine, propranolol àti atenolol tó jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn wárápá, àti prednisolone, oògùn ara wíwú, tí èèyàn ti lò pẹ́, àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí à ń dá dúró lójijì. Ẹ̀jẹ̀ lè ru gan-an lẹ́yìn clonidine, gìrì sì lè padà dé bá ẹni tó ní wárápá. Ẹni tó bá ń lo irú wọn tó fẹ́ kó máa wá nínú páálí, kó ní oògùn ọ̀sẹ̀ kan tàbí ọjọ́ mẹ́wàá nílẹ̀ tí kò ní fọwọ́ kàn àfi lọ́jọ́ ìṣòro. Bí tuntun bá dé, kó fi tuntun sílẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ ti àtijọ́, kí ọjọ́ má baà kọjá lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín wá kù. Ọ̀pọ̀ hóró oògùn ni wọ́n ṣe láti wà níbi tí ooru wà láàárín 20 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n sì gbà pé ó lè gun 30 tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ dé 15 fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ méjì nínú ọkọ̀ tó móoru díẹ̀ kò ní sọ amlodipine di ẹfun. Omi ló burú sí wọn ju ooru lọ. Ìgò tí wọ́n dé pa dáadáa nínú yàrá tó gbẹ sàn ju ìgò tí wọ́n ṣí sílẹ̀ nílé ìwẹ̀. Àwọn tó ń bẹ̀rù ooru gan-an kò pọ̀, a sì mọ̀ wọ́n: insulin àti àwọn abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ tuntun bíi semaglutide, àwọn oògùn ojú kan bíi latanoprost, àti hóró nitroglycerin tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n nígbà tí àyà bá ń dunni, èyí tí kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìgò dígí tó bá dé. Aládùúgbò yín lè ti rí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tó bà jẹ́, mi ò lè bá a jiyàn.

Insulin tí ẹ kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8. Bí ó bá dì, ó ti tán, ì báà yọ́ padà kó sì mọ́ rekete bí omi òjò. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: ooru nìkan ni wọ́n ń bẹ̀rù, wọ́n á wá ti insulin mọ́ ẹ̀yìn fíríìjì níbi tí yìnyín ti ń dì. Kí ẹ tó gbà pé kí insulin máa wá, ẹ bi fámásì ní ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹ sì fetí sí bí wọ́n ṣe dáhùn. Ọjọ́ wo lẹ ń fi ránṣẹ́? Ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fẹ́ gbọ́, kí páálí má baà sùn sínú ilé ẹrù ní òpin ọ̀sẹ̀. Kí lẹ fi ń dì í? Páálí fóòmù tó nípọn pẹ̀lú àpò yìnyín, kí nǹkan kan sì wà láàárín yìnyín àti oògùn kí wọ́n má baà fara kanra. Ṣé àmì kan wà nínú páálí tó máa yí àwọ̀ padà bí ooru bá pọ̀ jù? Bí ó bá bà jẹ́, ta ló máa san án padà? Ẹni tó dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí láìkọsẹ̀, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń sọ pé "ẹ má ṣèyọnu, kò sí wàhálà" láìdáhùn ọ̀kan nínú wọn, ẹ jẹ́ kó máa fi hóró ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ránṣẹ́, kí ẹ máa gba insulin nítòsí.

Ibi tí páálí ń balẹ̀ sí náà ṣe pàtàkì. Àpótí onírin tó wà nínú oòrùn gbóná ju ọkọ̀ tó gbé e wá lọ, inú ọkọ̀ tí wọ́n ti pa sínú oòrùn sì lè kọjá 40 láìpẹ́ rárá. Ẹ ní kí wọ́n fún ẹnì kan lọ́wọ́, kó fọwọ́ sí i, tàbí kí ẹ lọ gbà á ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n máa fún yín ní nọ́ńbà tí ẹ fi lè máa wo ibi tí páálí dé. Ẹ máa wò ó lójoojúmọ́ nígbà tó bá jẹ́ insulin. Ti hóró, ẹ lè fojú fò ó.

Nígbà tó bá dé, ẹ má gbé e sí kọ̀rọ̀ títí di alẹ́. Ẹ ṣí i lórí tábìlì, níbi tí iná ti mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan insulin. Ṣé ó tutù? Ṣé ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́? Ṣé ó gbóná? Bí àpò yìnyín bá ti yọ́ tán, ìyẹn nìkan kò túmọ̀ sí pé insulin ti bà jẹ́. Ọ̀pọ̀ insulin lè wà níta fíríìjì fún ọjọ́ 28, bí ooru ibẹ̀ kò bá kọjá iye tí wọ́n kọ sínú bébà tó bá a wá, ọ̀kan lè ní 25, òmíràn 30. Èyí tó dé ní wọ́ọ́rọ́ ṣeé lò nígbà púpọ̀, àmọ́ ẹ pe fámásì kí wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn, kí ẹ sì bi wọ́n bí àkókò yẹn ṣe dín ọjọ́ 28 náà kù. Èyí tó gbóná, tàbí tí ẹ bá bá yìnyín lára rẹ̀, ẹ má gún un. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú páálí, kí ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú rẹ̀. Insulin tí ọ̀pọ̀ ń gún lálẹ́, bíi glargine, mọ́ bí omi. Bí ẹ bá rí ìdọ̀tí tàbí nǹkan tó ń fò kiri nínú rẹ̀, kò dára. Irú kan tún wà, NPH, tó jẹ́ funfun bí omi ògì láti ilé, ìyẹn ni à ń yí kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Tó bá ń dì ní kókó-kókó lára ìgò, ẹ jù ú nù. Ṣùgbọ́n ojú kò tó. Insulin tí agbára rẹ̀ ti lọ lè mọ́ kedere. Ẹ máa wo nọ́ńbà ṣúgà màmá lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí pẹ́ẹ̀nì tuntun. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí oúnjẹ wọn kò yí padà, tí ara wọn kò gbóná, ẹ gbé pẹ́ẹ̀nì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ ṣí òmíràn láti inú páálí ọ̀tọ̀ bí ẹ bá ní in, kí ẹ sì pe dókítà.

Ẹ wá kó àwọn ìgò hóró síwájú. Orúkọ màmá ni kó wà lára wọn, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ fúnra wọn, torí nínú ilé kan náà ìyá àti ọmọ lè jọ jẹ́ orúkọ bàbá, mo sì ti rí i tí wọ́n gbé oògùn ọmọ fún ìyá. Ẹ ka orúkọ oògùn, ẹ ka mílígíráàmù, ẹ ka bí wọ́n ṣe ní kí ẹ lò ó. Ẹ wo ọjọ́ tó máa kọjá lílò: fún oògùn tí ẹ máa lò fún oṣù mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ kọjá oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tó dé. Bí hóró tó jẹ́ funfun tẹ́lẹ̀ bá wá di àwọ̀ ìyeyè, tàbí tí róbótó bá di onígun, ó lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ míì ló ṣe é, oògùn kan náà ni. Ó sì lè jẹ́ àṣìṣe. Ìpè kan péré ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀, kí màmá má sì gbé e mì títí tí ẹ ó fi pè.

Nǹkan kan wà nínú ìbéèrè yín tó mú mi dúró: orúnkún. Kí ni màmá ń lò fún un? Bí ó bá jẹ́ ibuprofen tàbí diclofenac tí ẹ ń rà láìsí ìwé dókítà, ẹ gbọ́ tèmi. Irú oògùn ara ríro bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, bí wọ́n bá sì ń lò ó lójoojúmọ́ pẹ̀lú lisinopril, ó lè ṣe kíndìnrín wọn léṣe, àgàgà ní ọjọ́ orí wọn, àti nígbà tí àtọ̀gbẹ wà ńbẹ̀. Fámásì tí ẹ ti ń rà á nítòsí lè má mọ̀ nípa lisinopril. Fámásì tó ń fi lisinopril ránṣẹ́ kò mọ̀ nípa orúnkún. Ibi tí mo ti ń rí ewu gidi nínú fífi oògùn ránṣẹ́ nìyí: kò sí apòògùn kan tó rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Ẹ kó gbogbo ohun tó ń wọ ẹnu màmá jọ, ti dókítà, ti ọjà, àgbo, fítámì, àti iyọ̀ tí wọ́n fi pọtásíọ̀mù ṣe bí wọ́n bá ń lò ó dípò iyọ̀ lásán, nítorí òun àti lisinopril kò mọwọ́ ara wọn. Ẹ ka orúkọ wọn fún apòògùn lórí fóònù lẹ́ẹ̀kínní tí ẹ bá pè. Ẹ sọ pé kó kọ ọ́ sínú ìwé màmá. Nípa orúnkún fúnra rẹ̀, ẹ bi dókítà bóyá paracetamol tàbí ìpara ni kí wọ́n gbìyànjú.

Dókítà ló dárúkọ fámásì fún yín, ìyẹn dín iṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n ẹ ṣì yẹ̀ ẹ́ wò. Fámásì tòótọ́ máa ń béèrè ìwé dókítà, ó máa ń ní apòògùn tí ẹ lè bá sọ̀rọ̀, ó sì wà nínú ìwé àwọn tó ń fún fámásì ní àṣẹ lórílẹ̀-èdè yín. Láti ọdún 2015, gbogbo ìkànnì tó ń ta oògùn fún aráàlú ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbọ́dọ̀ gbé àmì kan tó ní àgbélébùú funfun lórí ìlà àwọ̀ ewé. Kí ẹ rí àmì náà kò tó o, ẹ tẹ̀ ẹ́, á gbé yín lọ síbi tí ìjọba ti kọ orúkọ fámásì náà sílẹ̀. Bí kò bá gbé yín lọ síbì kankan, àwòrán lásán ni. Ní Amẹ́ríkà, àdírẹ́sì ìkànnì tó bá parí sí ".pharmacy" ni èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Ìwádìí ẹgbẹ́ àwọn ìgbìmọ̀ tó ń fún fámásì níwèé àṣẹ níbẹ̀ ti fi hàn léraléra pé ju 9 lọ nínú 10 ìkànnì oògùn tí wọ́n yẹ̀ wò ni kò tẹ̀ lé òfin. Lọ́dún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé oògùn 1 nínú 10 ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ jẹ́ ayédèrú tàbí èyí tí kò kún ojú òṣùwọ̀n. Ìkànnì tó bá ní òun kò nílò ìwé dókítà kì í ṣe yín lóore.

Ọ̀kan tún wà tí wọ́n máa ń bi mí, bí ẹ kò tiẹ̀ béèrè rẹ̀: ṣé ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun lè ra oògùn kó sì fi í ránṣẹ́ sí màmá? Rárá. Ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà kò gbà kí aráàlú lásán máa fi oògùn tí dókítà ń kọ ránṣẹ́, àwọn tó láṣẹ bíi fámásì nìkan ni. Ilẹ̀ tó ń gbà á náà ní òfin tirẹ̀: Japan kò gbà kí oògùn tó ní amphetamine wọlé rárá, ì báà jẹ́ pé dókítà ilẹ̀ míì ló kọ ọ́. Aṣọ́bodè á gba páálí, oògùn á sì tún bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ bí à ń tọ́jú rẹ̀.

Àwọn tí kò yẹ kó gba ọ̀nà ìfìwéránṣẹ́ kò pọ̀ láti sọ: oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn tí ẹ nílò lónìí, oògùn ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àti oògùn tuntun tí dókítà ṣì ń wá iye tó bá ara mu. Ẹ má ra ọjọ́ 90 ohun tí dókítà lè yí padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ kò gbà kí fámásì tún ta oògùn tó ti jáde kúrò lọ́wọ́ wọn, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa gbà á padà lọ́wọ́ yín.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni fíríìjì. Kí ẹ tó pe dókítà tàbí fámásì, ẹ lọ ka pẹ́ẹ̀nì insulin tó wà níbẹ̀ lónìí, ẹ sọ ọ́ di alẹ́ mẹ́tàlá-mẹ́tàlá, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó máa tán sórí bébà. Bí ọjọ́ yẹn kò bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní, ẹ gba insulin ti oṣù yìí níbi tí ẹ ti ń gbà á tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí páálí àkọ́kọ́ jẹ́ ti oṣù tó ń bọ̀.